Òpin Ọ̀sẹ̀ Láti Kambolé dé Sokodé

Ní ìlú Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, àwọn àlejò máa ń fi òpin ọ̀sẹ̀ tọ́ ọtí wò, wọ́n sì máa ń wo iṣẹ́ ọnà. Ní ọdún 2016, wọ́n ṣí ilé ńlá kan níbẹ̀ tí à ń pè ní Cité du Vin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàlàyé ìtàn ọtí àjàrà fún ẹni tó bá sanwó wọlé. Ṣùgbọ́n ará Kambolé kò nílò ọkọ̀ òfúrufú kí ó tó ṣe irú fàájì bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì tó fún un, bí ó bá ní sùúrù, tí kò sì tijú láti béèrè ọ̀rọ̀.

Kambolé wà ní agbègbè Tchamba, nítòsí ààlà Bẹ̀nẹ̀, èdè rẹ̀ sì jẹ́ ìbátan èdè Yorùbá. Bí arìnrìn-àjò bá kọjú sí àríwá, yóò dé ìlú Tchamba, níbi tí àwọn onílé ti ń sọ èdè Akaselem. Orúkọ ìlú yìí ti rìn jìnnà. Ní ìhà etí òkun, àwọn kan lára ẹ̀yà Ewe ń bọ òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Mama Tchamba, láti fi rántí àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti àríwá. Àmì rẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi irin aláwọ̀ mẹ́ta lọ́ pọ̀. Ọ̀ṣọ́ lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Ìtàn ni lójú ẹni tó béèrè.

Láti Tchamba, nǹkan bí kìlómítà 35 ni ó kù sí Sokodé, ìlú àwọn Tem, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Kotokoli. Àwọn Tem mọ aṣọ hun, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ará Bafilo, ní àríwá Sokodé. Ahunṣọ a na òwú gígùn síwájú, a sì fi ohun wúwo fà á kí ó má baà dẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ya òwú sí méjì, ni ọwọ́ rẹ̀ ń ju ọkọ̀ òwú kọjá láàrin wọn. Aṣọ tó ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni wọ́n ń rán pọ̀ kí ó tó di aṣọ ìbora kan. Ẹni tó mọ aṣọ òfì yóò rí i pé iṣẹ́ méjèèjì jọra.

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ Tem, wọn kì í mu ọtí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn ń gbé Sokodé pẹ̀lú wọn, bí àwọn Kabiyè, tí àwọn obìnrin wọn ń ṣe tchoukoutou. Wọn a rẹ ọkà bàbà sínú omi, wọn a bò ó kí ó hu, wọn a sá a, wọn a sì lọ̀ ọ́. Wọn a sè é, wọn a jẹ́ kí ó kan díẹ̀, wọn a tún sè é. Nígbà tó bá tutù, wọn a fi ìwúkàrà sí i kí ó lè hó. Igbá ni wọ́n fi ń bu ú, ìyá ọlọ́tí a sì máa fún oníbàárà ní díẹ̀ tọ́ wò kí ó tó rà. Ẹni tí kì í mu ọtí yóò rí omi ìṣápá, èyí tí à ń pè ní bissap, àti wàrà àwọn Fúlàní. Ewé ọkà bàbà ni wọ́n tún fi ń pa wàrà náà láró pupa.

Iṣẹ́ àṣelàágùn ni gbogbo èyí. Igi ìdáná wọ́n, aṣọ ilé-iṣẹ́ sì kún ọjà ní owó pọ́ọ́kú. Bí oníbàárà bá ń ná aṣọ ọlọ́nà bí ẹni ń ná àkísà, ọmọ ahunṣọ yóò fi òfì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó wo bí wọ́n ṣe ń hun ún yóò mọ ìdí tí owó rẹ̀ fi ga.

Bí arìnrìn-àjò bá padà sí Kambolé, àwọn ọmọ ilé yóò béèrè ohun tó mú bọ̀. Aṣọ kan lè wà nínú àpò rẹ̀. Kí ó tó tú u, kí ó kọ́kọ́ sọ fún wọn bí ẹni tó hun ún ṣe ṣe é.