Irin Tí Ń Rántí, Dígí Tí Ń Gbàgbé

Láti ìgbà tí Ògún Lákáayé ti fi irin lé ọmọ aráyé lọ́wọ́, ìwà kan ṣoṣo ni a mọ̀ mọ́ irin: bí alágbẹ̀dẹ bá tì í bọ iná, tí ọmọ iṣẹ́ fi ẹwìrì fẹ́ iná náà títí irin fi pọ́n, tí wọ́n sì lù ú di ọkọ́ tàbí àdá, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi dógùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá sì fi agbára tẹ̀ ẹ́, títẹ̀ náà ni yóò wà, àfi bí a bá tún gbé e padà lọ sí ilé arọ. Amọ̀ tí a ti sun di ìkòkò kì í tún ara rẹ̀ mọ, dígí ojú fèrèsé kì í sì í bi òrùn léèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó wọlé. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ ohun ìyanu pé àwọn onímọ̀ ti rí oríṣi irin, dígí àti ọ̀dà tí ó máa ń gbọ́ràn sí ooru, sí ìmọ́lẹ̀ tàbí sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀, láìsí bátìrì, láìsí ẹ́ńjìnnì, láìsí ẹni tí ń darí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ti wọ ilé wa, tí ó ti wọ ara wa pàápàá, láìjẹ́ pé a bi wọ́n pé ta ni wọ́n.

Kì í ṣe fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni mo ń wí. Ọgbọ́n tí ó wà nínú àwọn wọ̀nyẹn, ènìyàn ni ó kọ ọ́ sí wọn nínú, bí iná bá sì ti tán nínú bátìrì, ọgbọ́n náà tán nìyẹn. Àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, inú ẹran ara wọn ni ọgbọ́n wọn wà.

Ẹ jẹ́ kí á ti ọ̀dọ̀ irin bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn tirẹ̀ ni ó dùn jù. Ní ọdún 1959, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Buehler, onímọ̀ irin ní ilé ìwádìí ohun ìjà tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ní White Oak, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ń wá irin tí a lè fi bo imú ohun ìjà tí wọ́n ń yìn gba ojú sánmà, irin tí kò ní yọ́ nínú ooru janjan tí irú ohun bẹ́ẹ̀ máa ń bá pàdé nígbà tí ó bá ń já bọ̀ wálẹ̀, tí kò sì ní fọ́ bí ohun líle bá kọlù ú. Ó ń po irin mọ́ irin, ó ń dán an wò, ó ń jù ú nù, ó tún ń po òmíràn. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ibi tí ó ti ń yẹ àdàlù nickel àti titanium wò ni ó ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pá irin náà tí ó ti tutù, bí ó bá bọ́ lulẹ̀, gbì ni ó ń dún. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣì gbóná, tí kò tíì pẹ́ tí ó kúrò nínú iná, gooro ni ó ń ró, ohùn agogo gan-an. Ó mú èyí tí ó gbóná, ó fi omi tù ú, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbì. Ẹlòmíràn ìbá gbé e kúrò lọ́kàn. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ilé arọ rí mọ̀ pé kì í ṣe ojú nìkan ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ irin, etí rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀; Buehler sì mọ̀ pé bí ohùn bá ti yí padà báyìí, ètò inú irin náà ni ó yí padà.

Síbẹ̀ kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1961, níbi ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé ìwádìí náà, wọ́n gbé irin pẹlẹbẹ kan tí a fi àdàlù yìí ṣe, tí wọ́n ti ṣẹ́po ní ìpele ìpele, láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí olúkúlùkù lè nà án, kí ó tún un ká, kí wọ́n rí i pé kì í tètè kán. Ọ̀kan nínú wọn, David Muzzey, tí ó máa ń fa páìpù tábà, yọ láítà rẹ̀, ó ràn án sí irin náà láti wo ohun tí iná yóò fi ojú rẹ̀ rí. Lójú gbogbo wọn, irin tí a ti ṣẹ́po náà nà gbọọrọ, ó padà sí bí ó ti rí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ: wọ́n mú díẹ̀ nínú orúkọ nickel, wọ́n mú díẹ̀ nínú orúkọ titanium, wọ́n fi lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé ìwádìí náà kún un, wọ́n pè é ní Nitinol, kí ó lè máa ru orúkọ bàbá, orúkọ ìyá àti orúkọ agbo-ilé kiri ayé.

Ẹni tí ó tú àdììtú rẹ̀ ni Frederick Wang, tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1962. Nínú irin lásán, àwọn átọ́ọ̀mù, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ín tí wọ́n para pọ̀ di ohun gbogbo, tò ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́; bí a bá tẹ irin náà kọjá ààlà, àwọn kan yóò yẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aládùúgbò wọn, wọn kò sì ní mọ ọ̀nà padà mọ́. Ti Nitinol yàtọ̀. Ètò méjì ni ó ní, ọ̀kan fún ìgbà tí ó bá gbóná, ọ̀kan fún ìgbà tí ó bá tutù. Nígbà tí ó bá tutù, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan láìfi aládùúgbò wọn sílẹ̀. Bí a bá wá tẹ irin náà, fífì náà ni wọ́n ń fì sí ibòmíràn, kò sí èyí tí ó ṣìnà nínú wọn. Bí ooru bá sì dé, gbogbo wọn a dìde nàró padà sí ipò tí wọ́n mọ̀. Ipò yìí kì í ṣe àbímọ́ irin, ènìyàn ni ó ń kọ́ ọ: a ó dè é mọ́ irú ìrísí tí a fẹ́, a ó fi í sínú ooru tí ó tó nǹkan bí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀kọ́ náà yóò sì wọ̀ ọ́ lára. Bí a bá yí ìwọ̀n nickel inú rẹ̀ padà díẹ̀ báyìí, ìwọ̀n ooru tí ó máa ń jẹ́ ìpè rẹ̀ yóò yí padà púpọ̀, nítorí náà ni a fi lè ṣe èyí tí omi gbígbóná nìkan lè jí, tí a sì lè ṣe èyí tí ooru ara ènìyàn ti tó láti jí.

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Irin tí wọ́n ń wá fún ogun ni àwọn oníṣègùn gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. George Andreasen, oníṣègùn eyín ní Yunifásítì Iowa, ni ó kọ́kọ́ ronú láti fi wáyà rẹ̀ to eyín tí ó wọ́, nítorí wáyà náà, bí ó ti ń gbìyànjú láti padà sí ìrísí tirẹ̀, a máa fa eyín náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìdáwọ́ dúró, láìjẹ́ pé dókítà ń fún un mọ́ra ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi í hun ọ̀pá oníhò kékeré tí wọ́n ń fi la iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dí: wọ́n á fún un pọ̀ títí yóò fi wọ inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á ti ojú iṣan itan tì í lọ sí ibi tí ìdènà wà, wọ́n á tú u sílẹ̀ níbẹ̀; bí ooru ẹ̀jẹ̀ bá sì ti bà á, a ṣí, a fẹ̀, a di iṣan náà mú ní ṣíṣí. Ẹni tí ó bá sì ti rí awò ojú tí a jókòó lé mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ tún padà sípò láìkán, Nitinol ni ó ṣeé ṣe kí ó rí, nítorí irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe awò, ooru ojú ọjọ́ lásán ti tó o.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti retí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1973, Ridgway Banks, ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California, fi wáyà Nitinol ṣe ẹ́ńjìnnì kan tí kò mu epo rárá, tí ń yí kìkì nítorí pé wáyà náà ń bọ́ sínú omi gbígbóná, ó sì ń bọ́ sínú omi tútù. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ epo ti tán láyé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ooru púpọ̀, agbára tí ó ń mú jáde kò sì tó nǹkan. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹnu jẹnẹrétọ̀ kò tíì dákẹ́ ládùúgbò yín.

Bí irin ṣe ń rántí, bẹ́ẹ̀ ni dígí kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa gbàgbé. Ní ilé-iṣẹ́ Corning, ní ìpínlẹ̀ New York, William Armistead àti Donald Stookey ṣe dígí kan jáde ní àárín ọdún 1960 sí 1970, tí wọ́n po èròjà fàdákà mọ́, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò lára fíìmù láyé ìjọ́sí. Bí ìtànṣán òrùn kan tí ojú wa kì í rí bá kan èròjà náà, a ṣókùnkùn. Bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá bọ́ sábẹ́ òrùlé, a tún mọ́ gaara, bí ẹni pé kò rí òrùn rí. Lóde òní, ike ni púpọ̀ nínú awò bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń tà á sì ń pè é ní photochromic. Aró ni wọ́n fi rọ́pò fàdákà, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni wọ́n ń hù. Ohun méjì kan wà tí ẹni tí ń tà á kì í sábà sọ. Ìkínní, gíláàsì iwájú ọkọ̀ ń dí ìtànṣán tí mo wí yìí lọ́nà, nítorí náà ẹni tí ó ra awò náà lówó gọbọi nítorí àtiwakọ̀ lọ́sàn-án yóò rò pé wọ́n lu òun ní jìbìtì, bẹ́ẹ̀ awò náà kò ṣẹ̀, òrùn tí ó ń dúró dè ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì, ooru a máa tètè mú un gbàgbé, tí ó fi jẹ́ pé lówùúrọ̀ ọyẹ́ ni yóò ṣókùnkùn jù, tí ó bá sì di ọ̀sán gangan oṣù kẹta, nígbà tí a nílò rẹ̀ gan-an, òjìji rẹ̀ yóò fúyẹ́. Awò dúdú lásán tí kò ní ọgbọ́n kankan sàn fún awakọ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn òkúta kan wà tí kì í ṣe ooru tàbí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, bí kò ṣe ìtẹ̀mọ́lẹ̀: ní ọdún 1880 ni Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques rí i ní ilẹ̀ Faransé pé bí a bá fún irú òkúta bẹ́ẹ̀ pọ̀, iná mànàmáná a jáde lára rẹ̀. Òun ni ó ń ta pàá nínú láítà tí a fi ń ran gáàsì ìdáná tí kì í lo bátìrì. Èyí tí ó wà nínú aago ọwọ́ sì ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí n dá adé lé ọ̀kan lórí nínú gbogbo wọn, kì í ṣe Nitinol ni n óò dá a lé, bí ìtàn rẹ̀ ti dùn tó. Bébà kékeré kan ni, tí kò ju orí ìka lọ, tí ọ̀pọ̀ ìyá ti jókòó tì láìrí i, lára ìgò àjẹsára tí nọ́ọ̀sì ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àjẹsára kò fẹ́ràn ooru: láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é títí dé ẹnu ọmọ, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a ń fẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn wà, ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ooru tètè ń bà jẹ́. Bí iná bá lọ nídìí fíríìjì, tí ó tún dé, ta ni yóò mọ̀? Àjẹsára tí ó ti kú kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà láàyè lójú. A ó kán an sí ọmọ lẹ́nu, ìyá yóò rò pé ewu ti kọjá, ewu kò sì kọjá. Ní àtijọ́, nígbà tí iyèméjì bá wà, ńṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń da gbogbo rẹ̀ nù, tibi tire.

Àjọ PATH ti Amẹ́ríkà àti àjọ ìlera àgbáyé ni wọ́n jọ wá ojútùú sí i, ní ọdún 1996 ni bébà náà sì kọ́kọ́ hàn lára ìgò àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Òbìrìkìtì kan ni, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí, igun mẹ́rin kékeré kan tí ó funfun sì wà láàrin rẹ̀. Nínú igun mẹ́rin náà ni ọgbọ́n wà: àwọn èròjà inú rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru ti ń bà wọ́n, wọ́n ń so kọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n náà ni ó sì ń ní àwọ̀ dúdú. Tí wọ́n bá ti so, wọn kì í tú mọ́. Nínú fíríìjì, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń so. Nínú ooru, kíákíá. Èyí tí ó wà fún rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ọjọ́ 2 péré ni yóò lò nínú ooru ìwọ̀n 37 tí yóò fi dé òpin. Ti àwọn àjẹsára kan tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lo ọjọ́ 30. Bí wọ́n bá gbé ìgò náà sínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan, tí wọ́n sì sáré dá a padà sínú yìnyín kí ọ̀gá tó dé, bébà náà kò ní gbàgbé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Òun ni ó jẹ́ kí àwọn tí ń gbé kúlà kọ́ èjìká láti ojúlé dé ojúlé, gba abúlé tí kò mọ iná mànàmáná, lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́ ṣì dára. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí ó jẹ́ àdáyébá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ṣe é, n kò sì ní sọ pé bébà ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bébà náà wà níbẹ̀.

Ó ní ààlà tirẹ̀. Ooru nìkan ni ó mọ̀. Àwọn àjẹsára kan wà, irú èyí tí wọ́n ń gún nítorí àrùn ẹ̀dọ̀, tí òtútù ń bà jẹ́ bí wọ́n bá dì, bébà náà kò sì ní sọ ohunkóhun nípa ìyẹn. Ọ̀nà mìíràn ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ ọ́n, nípa mímì ìgò náà àti wíwo bí èròjà inú rẹ̀ ti ń silẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń gbé ọmọ lọ gba àjẹsára, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì kí ó fi bébà náà hàn yín kí ó tó ṣí ìgò. Kò ní bínú, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wò ó. Bí igun mẹ́rin àárín bá funfun ju òbìrìkìtì tí ó yí i ká lọ, ó dára. Bí àwọ̀ wọn bá ti dọ́gba, tàbí tí igun mẹ́rin bá ti dúdú jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí a lò ó fún ọmọ. Bí ọjọ́ tí a kọ sára ìgò bá sì ti kọjá, kò sí bí igun mẹ́rin náà ti lè funfun tó, a kì í lò ó.