Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Èdè-Ìperí fún Alùpùpù Arìnnà-Gbogbo

1. Ìfáárà

Ní ìlú Ìlọrin, kò sí ọmọdé tí kò mọ alùpùpù. Láti Ọjà-Ọba títí dé Tánkẹ̀, òun ni ó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, tí ó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kíláàsì, tí ó sì ń gbé ẹrù ọlọ́jà wálé. Ìró ẹ̀rọ rẹ̀ ni àwọn Yorùbá fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn àgbà kan a sì máa pè é ní máṣíìnì. Nígbà tí ó di ọkọ̀ akérò, ó tún gba orúkọ mìíràn, èyí ni ọ̀kadà, láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Orúkọ mẹ́ta yìí fi ọ̀nà mẹ́ta hàn tí èdè ń gbà sọ ohun tuntun lórúkọ: àfarawé ìró, àyálò, àti àfiwé tí ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Odindi ọkọ̀ nìkan ni orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí. Nígbà tí ó bá kan ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, àti iye tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kọ sínú ìwé àbùdá rẹ̀, ọ̀rọ̀ a máa wọ́n lẹ́nu ẹni. Iṣẹ́ èdè-ìperí kì í kúkú ṣe tuntun. Ní ọdún 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ gbogbo, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ìdìpọ̀ kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì dá lé lórí. Àgbàlá mẹkáníìkì kò sí lára wọn.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ tí kò bá iṣẹ́ ohun èlò mu lè ṣe ẹni tí ń gùn ún ní jàm̀bá. Àpẹẹrẹ tí ó wà fún èyí ni irú alùpùpù kan tí kò wọ́pọ̀ tó ọ̀kadà, ṣùgbọ́n tí ìwé àbùdá rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí Yorùbá ní.

2. Kí ni alùpùpù arìnnà-gbogbo?

Àwọn alùpùpù kan wà tí a ṣe fún ọ̀nà ọ̀dà nìkan. Ikùn wọn sún mọ́ ilẹ̀, ẹni tí ó gùn wọ́n a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lé táńkì epo. Àwọn mìíràn wà tí a ṣe fún oko àti ẹrẹ̀. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì ga, ṣùgbọ́n ìjókòó wọn le, epo inú wọn kì í sì í tó ìrìn-àjò. Èyí tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni alùpùpù arìnnà-gbogbo.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ BMW ti ilẹ̀ Jámánì gbé èyí tí ó di àwòkọ́ṣe jáde ní ọdún 1980, wọ́n pè é ní R80 G/S. Lẹ́tà G dúró fún ọ̀rọ̀ Jámánì tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀ gbágungbàgun, lẹ́tà S sì dúró fún òpópónà. Iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ ń sọ. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti gba òkìkí. Ìdíje láti Paris sí Dakar, tí ó kọ́kọ́ gbéra ní ìparí ọdún 1978, la aṣálẹ̀ Àlgéríà àti Nìjẹ̀r kọjá, ó sì gba Málì dé Sẹ̀nẹ̀gàl. Cyril Neveu ni ó borí láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù ní ọdún 1979, lórí Yamaha XT500. Ní ọdún 1981, Hubert Auriol borí lórí BMW.

Láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn kò tóbi jù tí kò sì kéré jù, Suzuki V-Strom 650, tí ó ti wà lójú ọ̀nà láti ọdún 2004, ni àlàyé yìí yóò dá lé. V ń sọ bí a ṣe to ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí pé ihò méjì tí ó wà nínú rẹ̀ ya ara wọn bí ẹ̀ka lẹ́tà V. Strom jẹ́ ọ̀rọ̀ Jámánì tí ó túmọ̀ sí ìṣàn omi ńlá. Ìdajì orúkọ yìí jẹ́ àpèjúwe, ìdajì sì jẹ́ oríkì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Orúkọ àmútọ̀runwá, bí Òjó tàbí Ìgè, ń sọ bí a ṣe bí ọmọ. Oríkì ń sọ ohun tí a fẹ́ kí ọmọ jẹ́. Ẹni tí ń ta ọjà lè ki ọjà rẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Èdè-ìperí ní láti dà bí orúkọ àmútọ̀runwá.

3. Odó àti ọmọ-odó

Ohun àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa ń kà nínú ìwé àbùdá ni iye tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní sísì. Ti V-Strom yìí jẹ́ 645. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sísì ni òdiwọ̀n eré tí ọkọ̀ lè sá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹ́ńjìnnì, ihò róbótó kan wà tí irin kan ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀. Epo àti atẹ́gùn a wọ inú ihò náà, iná púlọ́ọ̀gì a ràn wọ́n, ooru wọn a sì ti irin náà lọ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí a ti ń gún iyán kò ní í pẹ́ kí ó tó lóye èyí. Ihò náà ni odó. Irin náà ni ọmọ-odó. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fún ọmọ-odó iyán ní okun, ṣùgbọ́n iná ni ó ń ti ti ẹ́ńjìnnì.

Àyè odó ni sísì ń wọ̀n. Sísì kan jẹ́ àyè àpótí kékeré tí òró rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹnu odó V-Strom fẹ̀ ní mìlímítà 81. Ìrìn ọmọ-odó láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 62.6. Ìdajì 81 ni 40.5, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 4.05. Bí a bá fi 4.05 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì fi 3.1416 sọ èsì náà di púpọ̀, yóò fún wa ní nǹkan bí 51.5. Bí a bá tún fi ìrìn ọmọ-odó, sẹ̀ǹtímítà 6.26, sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di nǹkan bí 322.6. Odó méjì ni ó wà. Nítorí náà, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 645. Honda CG125, tí ojú Ìlọrin ti mọ̀ tipẹ́, ní odó kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 56.5, tí ìrìn ọmọ-odó rẹ̀ sì jẹ́ 49.5. Ìṣirò kan náà yóò fún ẹni ní 124.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ni àyè odó. Ó ń sọ bí ohun tí odó lè gbà ṣe pọ̀ tó. Kò ṣe ìlérí eré, kò sì ṣe ìlérí agbára.

4. Agbára kì í ṣe ipá ìyípo

Ibi tí àṣìlò ọ̀rọ̀ ti ń náni lówó jù lọ ni èyí. Ọ̀rọ̀ kan, agbára, ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ohun méjì tí ìwé àbùdá yà sọ́tọ̀.

Bí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá le, mẹkáníìkì a wá páìpù kan kì bọ sípánà kí ó lè gùn sí i. Apá mẹkáníìkì kò lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ nọ́ọ̀tì a yí. Ohun tí ó pọ̀ sí i ni ipá ìyípo. Newton-mítà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ti V-Strom jẹ́ nǹkan bí 62 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ó dà bí ìgbà tí a gbé ẹrù tí ó lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù 6 kọ́ sí ìpẹ̀kun ọ̀pá tí ó gùn ní mítà kan.

Agbára ní tirẹ̀ ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí. Àgbẹ̀ méjì lè kọ iye ebè kan náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ parí ni agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Agbára ẹṣin, tí James Watt mú lò ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, jẹ́ wáàtì 746. Ti V-Strom sún mọ́ 70, ṣùgbọ́n kì í pé bẹ́ẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa yí ní ìgbà 8,800 ní ìṣẹ́jú kan.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbéra ní Ìlọrin, kí ó gba ọ̀nà Káyámà wọ ilẹ̀ Bòrgú lọ, kí ó sì bọ́ sí ọ̀nà oníyanrìn. Bí ó bá fi ẹ́ńjìnnì sá eré láti wá agbára tí a ṣe ìlérí fún un, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò máa walẹ̀, ọkọ̀ yóò sì rì. Ipá ìyípo tí ó tètè dé ni ó nílò. Royal Enfield Himalayan ti ilẹ̀ Íńdíà, tí ó jáde ní ọdún 2016, fi èyí hàn. Àyè odó rẹ̀ jẹ́ 411, agbára rẹ̀ kò ju bí i ẹṣin 24 lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn ọmọ-odó rẹ̀, mìlímítà 86, gùn ju ẹnu odó rẹ̀, mìlímítà 78, lọ. Ipá ìyípo rẹ̀, Newton-mítà 32, sì ti dé góńgó láàárín ìyípo 4,000 sí 4,500. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní agbára kò ní í mọ ìdí tí ọkọ̀ kékeré fi kọjá níbi tí ọkọ̀ ńlá há sí.

5. Ìjánu, ṣọ́ọ̀kù àti ikùn ọkọ̀

Ìlọrin jẹ́ ìlú ẹlẹ́ṣin, ọ̀rọ̀ ẹṣin kò sì ṣàjèjì sí àwọn ará ibẹ̀. Gàárì bá ìjókòó alùpùpù mu, ìjánu sì bá bíréèkì mu. Gíga gàárì V-Strom jẹ́ mìlímítà 835. Èyí ju ohun tí ẹsẹ̀ ẹni kúkúrú lè tẹ ilẹ̀ dáadáa láti orí rẹ̀ lọ, ọkọ̀ náà sì wọ̀n ju kìlógíráàmù 210 lọ. Bí ó bá ṣubú, ẹnì kan ṣoṣo kò ní í rọrùn fún láti gbé e dìde.

Ìjánu ọkọ̀ ìgbàlódé ní ohun kan tí ń ṣọ́ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yí. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ dá dúró nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, ìjánu a tú díẹ̀, a tún mú, a tún tú, ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nípa báyìí, táyà kì í yọ̀ lórí ọ̀dà tí òjò ti pa. Kí ni ó yẹ kí a pè é? Ẹni tí ó bá fẹ́ ki ọjà lè pè é ní ìjánu adánidúró-kíá. Orúkọ bẹ́ẹ̀ léwu. Lórí iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ tí ó há a máa kó yanrìn jọ síwájú ara rẹ̀, èyí a sì máa dá ọkọ̀ dúró. Ìjánu tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ há lè jẹ́ kí ọkọ̀ rìn jìnnà sí i kí ó tó dúró. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ náà yóò mọ òdodo rẹ̀ nígbà tí màlúù bá ti wà níwájú rẹ̀. Ìjánu afẹ̀sọ̀mú ni ó tọ́; ó sọ bí ó ṣe ń mú, kò sọ ibi tí yóò ti dúró.

Ṣọ́ọ̀kù kò nílò ìtumọ̀ mìíràn. Gbogbo mẹkáníìkì ni ó mọ̀ ọ́n, ó sì ti gba ohùn Yorùbá. Ìrìn ṣọ́ọ̀kù ni a ó fi pe bí ó ṣe lè sún kì tó. Ti iwájú V-Strom jẹ́ mìlímítà 150. Gíga ikùn ni ti àlàfo tí ó wà láàárín abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀. Ó jẹ́ mìlímítà 170. Ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ íǹṣì 19, ẹ̀yìn jẹ́ 17, nítorí pé ẹsẹ̀ ńlá kì í tètè rì sínú kòtò.

6. Ìrìn-àjò jíjìn

Ohun tí ó sọ ọkọ̀ yìí di ti ìrìn-àjò ni asà atẹ́gùn tí ó wà níwájú rẹ̀, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú, èyí tí CG125 fi sílẹ̀ fún atẹ́gùn lásán, àti táńkì tí ń gba lítà epo 20. Bí ó bá ń jẹ lítà 5 ní kìlómítà 100, a jẹ́ pé kìlómítà 400 ni yóò rìn. Èyí lè gbé e láti Ìlọrin dé Èkó, ṣùgbọ́n kò lè gbé e padà. Àrìnmọ epo ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún iye yìí.

7. Ìgúnlẹ̀

Òfin mẹ́ta ni àlàyé yìí fà yọ. Èkíní, bí iṣẹ́ ohun tuntun bá jọ ti ohun tí ó wà nílé, kí a lo orúkọ ti ilé: odó, ọmọ-odó, gàárì, ìjánu. Èkejì, bí àyálò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, kí a má ṣe lé e jáde: ṣọ́ọ̀kù, púlọ́ọ̀gì, táyà. Ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀ kan bá ń ṣe iṣẹ́ ohun méjì, kí a yà wọ́n: agbára lọ́tọ̀, ipá ìyípo lọ́tọ̀, àyè odó lọ́tọ̀, àrìnmọ epo lọ́tọ̀.

Àwọn Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé alùpùpù ni ọ̀nà tí ó ń rìn, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti ara ènìyàn tí ó jókòó lé e. Ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nínú yàrá ìkàwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé àgbàlá mẹkáníìkì, kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, oríkì ni yóò máa kì, orúkọ kò ní í sí.