Oògùn HIV máa ń da ara láàmú lóòótọ́, àmọ́ jíjù ú nù ló léwu jù

Ẹni tó ń tajà ní Oregbeni, ẹni tó ń wakọ̀ láti Ramat Park lọ sí Agbor, àtẹni tó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní kàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́lẹ̀ la ti máa ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ oògùn tí àwọn tó ní kòkòrò HIV ń lò ni. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n gba oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí òòyì ń kọ́ wọn tàbí tí oorun dá lójú wọn, ni wọ́n bá pa á tì láìsọ fún nọ́ọ̀sì tàbí fún aya. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní oògùn yẹn ló fẹ́ pa àwọn, kì í ṣe àìsàn.

Ká má tíì dá wọn lẹ́bi. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa.

Ọdún 2002 ni ìjọba àpapọ̀, nígbà Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn yìí ní Nàìjíríà. Àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000 ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwòsàn 25 káàkiri orílẹ̀-èdè, UBTH tó wà ní Ugbowo níbí sì wà lára wọn. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni aláìsàn ń san lóṣù, kó tó di pé ìjọba sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2006. Oògùn mẹ́ta tí wọ́n ń kó wá láti India ni wọ́n ń lò pọ̀: stavudine, lamivudine àti nevirapine.

Stavudine yìí ló ba orúkọ àwọn yòókù jẹ́. Ó máa ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ máa jóni bí ẹni ń rìn lórí ẹyin iná. Ó máa ń fa ọ̀rá kúrò lójú, lápá àti nítan, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn á fi jìn wọnú. Ẹni tí kò sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ á ti bá a sọ ọ́ láàárín ọjà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó máa ń mú kí ásíìdì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè pani. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò nílẹ̀. Zidovudine tí wọ́n ń lò dípò rẹ̀ lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Nevirapine lè mú kí ara sú, kí ó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pàápàá lára obìnrin tí sójà ara rẹ̀ ṣì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí aláìsàn kọ́kọ́ lo ìdajì rẹ̀ fún ọjọ́ 14.

Efavirenz ló wá da ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá rú jù, nítorí inú oorun lòun ti ń jà. Ẹni tó bá lò ó lálẹ́ lè máa lálàá tó ń dẹ́rù bani, kó rí i pé wọ́n ń fi àdá lé òun, tàbí pé òun ń jẹun lójú àlá. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yẹpẹrẹ kọ́ la fi ń mú àlá nílé wa. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ti sáré lọ sọ́dọ̀ wòlíì tàbí sọ́dọ̀ baba tó ń wòye, wọ́n á sì sọ fún un pé ayé ń bá a jà. Ààwẹ̀ ọjọ́ méje á bẹ̀rẹ̀, oògùn á wà nínú àpò. Kò sí ayé kankan níbẹ̀. Oògùn náà máa ń dé inú ọpọlọ, àwọn onímọ̀ sì rí i pé ohun àjogúnbá kan tí kì í jẹ́ kí ó tètè jáde nínú ara pọ̀ láàárín àwọn èèyàn ilẹ̀ Áfíríkà ju àwọn òyìnbó lọ. Bí èèyàn bá jẹ oúnjẹ olóròóró kó tó lò ó, á tún le sí i. Dókítà tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pààrọ̀ oògùn náà, àmọ́ ta ní sọ fún un?

Ìròyìn tó dùn ni pé oògùn ti yàtọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2019 ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà bọ́ sórí èyí tí wọ́n ń pè ní TLD. Hóró kan ṣoṣo ni lójúmọ́, tenofovir, lamivudine àti dolutegravir ló sì wà nínú rẹ̀. Kì í da ara láàmú bíi ti àtijọ́. Dolutegravir yìí náà kọjá nínú iná kí wọ́n tó fọkàn tán an. Ní 2018, àwọn tó ń ṣèwádìí ní Botswana kéde pé ó jọ pé ọmọ tí àwọn obìnrin tó lóyún sórí oògùn náà ń bí lè ní àbùkù nínú ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ṣe ni àwọn ìjọba ní kí àwọn obìnrin tó ṣì ń bímọ ṣọ́ra. Nígbà tí wọ́n ka iye ọmọ tó pọ̀ sí i, wọ́n rí i pé ewu náà kéré gan-an ju bí wọ́n ṣe rò lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí tọkùnrin tobìnrin máa lò ó ní 2019. Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé ṣe ni wọ́n ń fi wá dán oògùn wò láìbìkítà. Ẹni tí kò bìkítà kì í ka ọmọ.

Ohun tí TLD lè ṣe rèé: orí fífọ́, èébì ní ìbẹ̀rẹ̀, àìróorunsùn. Ẹni tí kò bá róorun sùn lè máa lò ó láàárọ̀. Ó lè mú kí èèyàn sanra pẹ̀lú, àwọn tó ṣèwádìí ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù rí èyí, ìròyìn wọn sì jáde ní 2019. Àwọn èèyàn wa kì í ka ìyẹn sí wàhálà rárá, inú wọn á máa dùn pé ẹnu elẹ́nu ti pa mọ́. Àmọ́ ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà wà ní ìdílé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ ayọ̀ ọ̀hún jù, kó ní kí wọ́n máa yẹ ṣúgà òun wò. Tenofovir ní tirẹ̀ lè ni kíndìnrín lára. Ẹ̀yin awakọ̀ àtẹ̀yin alágbàṣe tí ẹ máa ń gbé diclofenac mì ní alaalẹ́ nítorí ẹ̀yìn dídùn, ẹ gbọ́ o: òun náà ń ni kíndìnrín lára, kí méjèèjì má pàdé lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà mọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń gba agbára lọ́wọ́ dolutegravir. Oògùn inú rírun tó ní magnesium tàbí aluminium, èyí tí a ń fi pa ọgbẹ́ inú, kò gbọ́dọ̀ bá a pàdé: ẹ lo ti HIV ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ àti kálísíọ̀mù tí wọ́n ń fún aláboyún, àyàfi bí ó bá fi oúnjẹ lo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí dolutegravir máa ń mú kí ó pọ̀ lára. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife pẹ̀lú rifampicin yóò nílò dolutegravir lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan.

Àgbo ńkọ́? Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bú àgbo. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó dì í kò lè sọ bó ṣe pọ̀ tó nínú ife kan, kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tí oògùn HIV náà ń gbà kọjá. Ẹni tí kò bá lè fi í sílẹ̀, kó sọ orúkọ ewé náà fún nọ́ọ̀sì.

Ní January 2007, Yahya Jammeh tó jẹ́ ààrẹ Gambia nígbà náà jáde pé òun ti rí ewé tó ń wo éèdì sàn. Ó kó àwọn aláìsàn jọ, ó ní kí wọ́n pa oògùn òyìnbó tì. Àwọn kan kú nínú wọn. Mẹ́ta nínú àwọn tó yè é pè é lẹ́jọ́ ní 2018, lẹ́yìn tó ti kúrò lórí oyè. Bí èèyàn bá dá oògùn dúró, kòkòrò tó ti sùn á jí, bí ó bá sì ń lò ó lónìí tí ó ń fi í sílẹ̀ lọ́la, kòkòrò náà á kọ́ bí yóò ṣe máa yẹ oògùn sílẹ̀. Nígbà tó bá wá padà sórí rẹ̀, oògùn náà lè má ràn án mọ́. Ẹni tó ń lò ó déédéé ńkọ́, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Kì í kó o ran ẹni tó ń bá sùn. Nítorí èyí ni mi ò ṣe fẹ́ràn orúkọ "kògbóògùn" tí a sọ àrùn náà mọ́. Kò tíì ṣeé wò sàn pátápátá, àmọ́ ó ń gbóògùn.

Àmì kan wà tí kò gba ìdúró dé ọjọ́ àdéhùn: ara tó sú tí ẹnu tàbí ojú sì ń bó, ojú tó pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ tó dúdú, èémí tó ń ṣòro. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ mú oògùn náà dání. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n fi í tó NAFDAC létí, láti 2004 ni àjọ náà ti ní ibi tí wọ́n ti ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún àwa tí a ń gbé ìdálẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà dáwọ́ ìrànwọ́ dúró ní January 2025, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà ní oṣù kejì ọdún náà láti ra ìdì oògùn 150,000. Àmọ́ oògùn lè wà nílẹ̀, kí ó má sí lọ́wọ́ ẹni tó lọ sílé. A lọ fún Iléyá, a lọ sìnkú ní Èkìtì, ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn yín iye ọjọ́ tí ẹ máa lò, kí wọ́n fún yín ní èyí tó máa tó, tàbí ìwé tí ẹ máa fi gbà á ní ọsibítù tó wà nílé. Òfin ọdún 2014 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ìyà jẹ yín nítorí HIV. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ya bébà ara ike náà, tàbí kí wọ́n da hóró rẹ̀ sínú ike fítámì kí àna má baà rí i. Ẹ fi í sínú ike tirẹ̀, pẹ̀lú nǹkan kékeré tó ń fa omi tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì dé e pa. Bí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, ike náà lódindi ni kí ẹ fi aṣọ wé.