Orúnkún Àtọwọ́dá àti Ìkúnlẹ̀ Yorùbá: Àlàyé lórí Iṣẹ́ Abẹ Orúnkún àti Ìkọ́fẹpadà

Kí a tó sọ ohun tí dókítà ń ṣe sí orúnkún, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ orúkọ iṣẹ́ náà wò. "Ìpààrọ̀ orúnkún" ni a sábà máa ń gbọ́. Ìtumọ̀ tààrà ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Bí a bá ní a pààrọ̀ nǹkan, ohun tí a ń sọ ni pé a yọ ọ́ kúrò pátápátá, a sì fi òmíràn dípò rẹ̀, bí ẹni pààrọ̀ táyà ọkọ̀. Ìyá àgbà tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé wọn yóò gé òun lẹ́sẹ̀ láàárín méjì. Ẹ̀rù yìí nìkan tó láti mú un sá fún ilé ìwòsàn.

Ibi tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun ni oríkèé orúnkún. Egungun kékeré kan wà níwájú wọn bí apata. Kerekere tó ń yọ̀ ló bo ojú àwọn egungun wọ̀nyí, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Ọjọ́ orí, ìsanra àti ìpalára àtijọ́ lè jẹ kerekere náà tán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tó ń dáàbò bo ara gan-an ni yóò kọjú ìjà sí oríkèé. Àrùn méjèèjì kò rí bákan náà, oògùn wọn sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n làkúrègbé tàbí arọmọléegun ni a ń pè wọ́n pọ̀. Atúmọ̀ èdè tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní láti ṣọ́ra níbí.

Bí oògùn, eré ìdárayá àti ọ̀pá ìtilẹ̀ kò bá ran ìrora náà mọ́, iṣẹ́ abẹ lè kàn. Dókítà yóò la iwájú orúnkún, yóò sì rẹ́ ojú egungun méjèèjì díẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 8 sí 10. Yóò fi irin dé orí egungun itan bí ẹni dé fìlà, yóò tẹ́ irin pẹlẹbẹ sórí egungun ojúgun, yóò sì fi ike líle sáàárín wọn. Sìmẹ́ńtì àwọn oníṣègùn ni wọ́n sábà máa ń fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun. Awọ ara, ẹran ara àti iṣan ẹ̀gbẹ́ orúnkún wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "ìtúnṣe ojú oríkèé orúnkún". Ó gùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dẹ́rù bani lórí asán.

Ní Berlin ní ọdún 1890, Themistocles Gluck ti fi eyín erin ṣe irú oríkèé bẹ́ẹ̀, àmọ́ kòkòrò àrùn ba iṣẹ́ náà jẹ́. Èyí tí John Insall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní New York ní ọdún 1974 ni ọ̀pọ̀ tòde òní jọ.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú aláìsàn dìde rìn. Ìrora pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n orúnkún tí a kò bá tẹ̀ yóò gan. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ dé dígírì 90 lè jókòó lórí àga dáadáa. Ọ̀pọ̀ ń dé 110 tàbí 120. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, púpọ̀ nínú wọn ti ń ju ọ̀pá sílẹ̀, àmọ́ wíwú rẹ̀ lè tó ọdún kan kí ó tó lọ tán. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé wú tó ń ro, bí èémí bá ń gé, tàbí bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣoyún, kí aláìsàn padà sílé ìwòsàn kíá: ẹ̀jẹ̀ dídì àti kòkòrò àrùn ni a ń bẹ̀rù. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìrora ń tán lára wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa onímọ̀ àṣà ni ìkúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kì í kúnlẹ̀ mọ́. Kì í sábà jẹ́ pé irin náà yóò bàjẹ́. Àpá ń ro wọ́n, ẹ̀gbẹ́ orúnkún kú tipiri nítorí iṣan ìmọ̀lára tí abẹ gé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Bí ọgbẹ́ bá ti jinná tí dókítà sì gbà, a lè tún un kọ́ lórí tìmùtìmù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni ìkúnlẹ̀ jẹ́ láwùjọ Yorùbá. Òun la fi ń kí, tí a fi ń bẹ̀bẹ̀. Inú rẹ̀ ni àkúnlẹ̀yàn ti jáde. Ìyàwó ilé tó kí ẹ̀gbọ́n ọkọ lóòró lè dà bí aláfojúdi, bó tilẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Èdè ti ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀, nítorí lórí fóònù, "mo wà lórí ìkúnlẹ̀ o" ti tó ìkí. Kò sí ìdí tí kò fi lè tó lójúkojú.

Ìbéèrè 12 ló wà nínú Oxford Knee Score, ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n ipò orúnkún. Ọ̀kan nínú wọn ń bèèrè bóyá ènìyàn lè kúnlẹ̀ kí ó sì tún dìde. Agbára ara ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Bí a bá bi obìnrin Yorùbá pé "ṣé ẹ lè kúnlẹ̀?", ó lè dáhùn bí ẹni tí a ń bi ní ìbéèrè nípa ẹ̀kọ́ ilé, kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì pa ìrora mọ́ra. Ó sàn kí a bi í pé: "Bí ẹ bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ta ló ń fà yín dìde?"