Ta Ni Yóò Dáhùn Bí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bá Dákẹ́? Àjọṣe Ilé-Iṣẹ́ Nínú Kíkọ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Alágbèéká Tí Ó Ṣí Sílẹ̀

Ìfáárà

Bí ẹni tí ó wà ní London bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù alágbèéká, ohùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba inú afẹ́fẹ́ dé orí òpó ìbánisọ̀rọ̀ kan tí kò jìnnà sí i. Ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ṣe gbogbo ohun tí ó wà lórí òpó bẹ́ẹ̀ àti nídìí rẹ̀: rédíò, ẹ̀rọ tí ń túmọ̀ ìgbì rédíò, àti sọ́fítíwíà tí ń darí wọn. Ilé-iṣẹ́ fóònù tí ó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè mú rédíò ẹnìkan kí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ra orí gbọ́dọ̀ ra ọrùn lọ́wọ́ ẹni kan náà.

Láti tú okùn yìí ni a ṣe dábàá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó ṣí sílẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì fi ìrírí Jàpáánì, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà hàn pé kíkọ ìlànà ìsopọ̀ síta kò tó. Èrò wa ni pé agbára tí ó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ kì í pòórá. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń so ẹ̀rọ pọ̀ ni ó ń lọ.

Ohun tí a ṣí àti ohun tí a sọ di sọ́fítíwíà

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Èkíní ni ṣíṣí. Ibi tí apá kan nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti pàdé èkejì dà bí oríkèé lára ènìyàn, oríkèé ni a ó sì máa pè é níhìn-ín. Iṣẹ́ òpó kan pín sí ọ̀nà mẹ́ta: rédíò tí ó wà lókè, ẹ̀rọ ìṣirò tí kò gbọdọ̀ jìnnà púpọ̀ sí i, àti ẹ̀rọ ìdarí tí ó lè wà ní ọ̀nà jíjìn kí ó sì máa bójú tó ọ̀pọ̀ òpó lẹ́ẹ̀kan náà. A lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣí sílẹ̀ nígbà tí a bá kọ ìlànà àwọn oríkèé wọ̀nyí jáde ní gbangba, tó bẹ́ẹ̀ tí rédíò tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe fi lè bá ẹ̀rọ ìṣirò tí òmíràn ṣe ṣiṣẹ́. Oríkèé àárín rédíò àti ẹ̀rọ ìṣirò ni ó nira jù, nítorí pé àsìkò tí a ń fi ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá wọ̀n ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ìfàsẹ́yìn díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan lè mú kí ìpè já.

Èkejì ni sísọ ẹ̀rọ di sọ́fítíwíà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan gbé ìwé kan jáde ní ìlú Darmstadt ní Jámánì. Wọ́n dábàá nínú rẹ̀ pé kí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ àkànṣe ń ṣe di ti sọ́fítíwíà tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà. Ṣíṣí àti sísọ di sọ́fítíwíà kì í ṣe ohun kan náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè di sọ́fítíwíà látòkèdélẹ̀ síbẹ̀ kí oríkèé rẹ̀ wà ní títì pa. Ó sì lè ṣí sílẹ̀ kí ó ṣì máa lo ẹ̀rọ àkànṣe. Ẹni tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, ìpolówó ọjà lè tàn án jẹ.

Àwọn tí ó kọ ìlànà

Ní ọdún 2016, Facebook àti àwọn alájọṣe rẹ̀ dá Telecom Infra Project sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, AT&T ti Amẹ́ríkà, China Mobile ti Ṣáínà, Deutsche Telekom ti Jámánì, NTT DOCOMO ti Jàpáánì àti Orange ti ilẹ̀ Faransé dá O-RAN Alliance sílẹ̀. Àwọn tí ń ra ẹ̀rọ ni àwọn márùn-ún yìí, wọn kì í ṣe àwọn tí a mọ̀ sí títa á. Ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ láti sọ irú ọkọ́ tí wọ́n fẹ́ fún alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ fúnra wọn wọ inú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ yìí máa ń ṣètò ìpàdé ìdánwò, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń kó ẹ̀rọ wọn wá láti mọ̀ bóyá wọ́n lè bára wọn ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Pé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ pọn dandan fi hàn pé ẹ̀rọ méjì lè tẹ̀lé ìwé ìlànà kan náà kí wọ́n má sì gbọ́ ara wọn yé.

Ìrírí Rakuten ní Jàpáánì

Rakuten, tí a mọ̀ sí títa ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2020. Nítorí pé kò ní òpó àtijọ́ tí yóò tún ṣe, ó lè fi sọ́fítíwíà kọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Altiostar ni ó pèsè sọ́fítíwíà rédíò, Nokia pèsè rédíò fúnra rẹ̀, Cisco bójú tó ìpìlẹ̀ tí sọ́fítíwíà náà dúró lé, Intel sì ṣe ọpọlọ inú àwọn kọ̀ǹpútà.

Kí sọ́fítíwíà Altiostar tó lè darí rédíò Nokia, Nokia ní láti gbà láti ṣí oríkèé rédíò rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe ìwé ìlànà nìkan ni ó ṣe èyí. Àdéhùn ni, oníbàárà tí ó ní owó lọ́wọ́ ni ó sì béèrè fún un. Iṣẹ́ náà kò yá bí wọ́n ṣe rò. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó sún un síwájú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Rakuten sì fi kéde àdánù, tí owó kíkọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ olórí ìdí rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó ṣe pàtàkì jù fún àlàyé wa. Ní ọdún 2021, Rakuten kéde pé òun yóò ra Altiostar, ó sì dá Rakuten Symphony sílẹ̀ láti máa ta ìmọ̀ ìsopọ̀ tí ó ti kó jọ. Ilé-iṣẹ́ 1&1 ní Jámánì wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà àná di olùtajà. Ohun tí ó sì ń tà gan-an ni oríkèé.

Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà

Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ ààbò ni ó ti ọ̀rọ̀ yìí síwájú. Ní oṣù keje ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí a yọ gbogbo ẹ̀rọ Huawei kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G kí ọdún 2027 tó parí. Àṣẹ yìí sọ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù di ẹni tí kò ní ju Ericsson àti Nokia lọ láti yàn nínú àwọn olùtajà ńlá. Ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ wá jọ gbé e kalẹ̀ pé kí ìpín 35 nínú 100 ìlò nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gba orí ẹ̀rọ tí ó ṣí sílẹ̀ ní ọdún 2030. Vodafone pinnu láti lo irú ẹ̀rọ yìí ní nǹkan bí 2,500 òpó ní Wales àti gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, ó sì yan Samsung, NEC, Dell àti Wind River mọ́ àwọn alájọṣe rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Amẹ́ríkà gbà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, AT&T kéde àdéhùn ọdún márùn-ún tí ó tó nǹkan bí bílíọ̀nù 14 dọ́là pẹ̀lú Ericsson, pé kí ìpín 70 nínú 100 ìlò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ máa gba orí ẹ̀rọ tí ó lè ṣí sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2026. Fujitsu náà wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ericsson ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bọ́ sí, nígbà tí Nokia, tí òun náà ń ta ẹ̀rọ fún AT&T tẹ́lẹ̀, pàdánù. Ẹ kíyè sí gbólóhùn náà, «tí ó lè ṣí sílẹ̀». Ilẹ̀kùn tí a lè ṣí kì í ṣe ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ti gbà kọjá.

Ẹni tí yóò dáhùn

Nígbà tí olùtajà jẹ́ ẹyọ kan, a mọ ẹni tí a ó pè bí òpó bá dákẹ́ lóru. Nígbà tí wọ́n di mẹ́fà, oní-rédíò lè sọ pé sọ́fítíwíà ni ó fa á, oní-sọ́fítíwíà lè sọ pé kọ̀ǹpútà ni, oníbàárà yóò sì wà láàárín wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ni ó gbọ́dọ̀ ni àyà náà. Àjọṣe tí ó bá yẹ ní láti kọ orúkọ ẹni tí yóò dáhùn sínú àdéhùn kí a tó gbé rédíò kankan gun òpó. Ilé-iṣẹ́ fóònù sì ní láti ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ó lóye oríkèé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kàn pààrọ̀ ọ̀gá ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé náà. Ní ọdún 2019, MTN, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà àti Benin pẹ̀lú, kéde pé òun yóò lo irú ẹ̀rọ yìí ní òpó tí ó lé ní 5,000 ní ìgbèríko àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà. Èrò náà dára, nítorí pé ẹ̀rọ tí kò wọ́n lè mú kí òpó dé abúlé tí owó ìpè ibẹ̀ kò lè san owó òpó olówó gọbọi. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, ibi tí òpó kan ṣoṣo wà, ìbéèrè ẹni tí yóò wá tún un ṣe lágbára ju ti London lọ.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ṣíṣí oríkèé ń fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yàn, kò sì fún un ní agbára láti lo ẹ̀tọ́ náà. Rakuten ra agbára yẹn ní owó iyebíye; Vodafone pín in láàárín àwọn alájọṣe; AT&T fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan. Nítorí náà, nígbà tí a bá tún gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣí sílẹ̀, kí a béèrè ẹni tí ó mọ bí a ṣe so ó pọ̀, àti ẹni tí yóò dìde bí ó bá já.