Ìtọ́jú onítànṣán fún jẹjẹrẹ ọyàn: Kí ọlọ́jà ka iye ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù yóò wà ní títì

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ọyàn mu, pàápàá fún àwọn ìyá tó ń tajà láti Ìyànà-Ìbà títí dé Okokomaiko àti itòsí Ọ̀jọ́ Cantonment. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn tán, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n tún máa ń nílò ìtọ́jú onítànṣán, ìyẹn rediotẹ́rápì, kí àrùn náà má baà padà wá. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń ṣe é, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ ní Nàìjíríà.

Ọ̀kan wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà. Lọ́dún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó NSIA-LUTH níbẹ̀, lẹ́yìn tí àjọ NSIA ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là lé e lórí. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀rọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba máa ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, àwọn tó rí owó sì ń lọ sí Ghana láti gba ìtọ́jú.

Kí ló ń fa ìdúró pípẹ́? Kóbáltì ni àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò, agbára rẹ̀ sì máa ń dín sí ìdajì láàárín ọdún 5 ó lé díẹ̀. Bó bá ti ń dín, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò pẹ́ sí i lábẹ́ ẹ̀rọ, iye èèyàn tí wọ́n lè tọ́jú lójúmọ́ yóò sì dín kù. Àwọn ẹ̀rọ òde òní kò lo kóbáltì, ṣùgbọ́n wọ́n nílò iná mànàmáná tó dúró dáadáa, òkè òkun sì ni ẹ̀yà ara wọn ti ń wá. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta mọ̀ ọ́n: ọjọ́ tí nǹkan kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ, gbogbo oníbàárà ló ń dúró.

Ìdúró mìíràn wà lọ́wọ́ ọlọ́jà fúnra rẹ̀, ìyẹn owó àti ọjọ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ 5 ni wọ́n fi ń gba ìtọ́jú yìí, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, ìgbà 25. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba fi hàn pé ìgbà 15 láàárín ọ̀sẹ̀ 3 tó fún ọ̀pọ̀ obìnrin; lọ́dún 2020, òmíràn fi hàn pé ìgbà 5 láàárín ọ̀sẹ̀ 1 tó fún àwọn kan. Lóòótọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni aláìsàn ń lò lábẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti Okokomaiko wọkọ̀ lọ sí Mile 2, tó tún ń wọ òmíràn lọ sí Ìdí-Àràbà, kò lè pàtẹ ọjà dáadáa lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, kí ọlọ́jà tètè bi dókítà rẹ̀ pé: ìgbà mélòó ni òun yóò wá? Ṣé èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kéré bá ara òun mu? Èló ni gbogbo rẹ̀? Ìgbà wo ni kí òun forúkọ sílẹ̀? Lẹ́yìn náà ni kó wá ẹni tí yóò dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kó sì bá alájọ sọ̀rọ̀ kí owó àjọ rẹ̀ lè bọ́ sí àsìkò ìtọ́jú. Òfin ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kó béèrè ohun tí tirẹ̀ ń san kó tó sanwó.

Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró lágbedeméjì nítorí ọjọ́ ọjà, torí pé àrùn náà lè tún gbérí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá rí kókó lọ́yàn kò gbọdọ̀ sọ pé ó di ẹ̀yìn ọdún. Lọ́dún 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó yẹ kí àyẹ̀wò parí láàárín ọjọ́ 60. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì fún ọ̀sẹ̀ 3 yóò tún ṣí, bí ẹni tó ni ín bá wà láàyè.