Ìtọ́jú Òbí Tí Ọkàn Rẹ̀ Kò Lágbára Mọ́

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí kò mọ sí ti owó nìkan. Òbí tí àìsàn ọkàn ń bá jà nílò ìṣọ́ra ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ọkàn ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú fún ọdún púpọ̀ ni olórí ohun tí ń sọ ọkàn di aláìlágbára. Nígbà náà ni omi a máa kó jọ sínú ara: ẹsẹ̀ a wú, mímí a sì ṣòro nígbà tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀. Èyí kì í ṣe àfiṣe ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjọ́ ogbó lásán.

Kí omi náà tó hàn sí ojú, òṣùwọ̀n a ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí a máa wọn aláìsàn ní àràárọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti tọ̀ tí kò sì tíì jẹun, kí a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé. Bí ó bá fi ohun tí ó ju kìlógíráàmù 2 lọ wúwo sí i láàrin ọjọ́ 3, kí a tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí kò bá lè mí dáadáa ní ìjókòó, bí àyà bá ń dùn ún gidigidi, tàbí bí ó bá dákú, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Iyọ̀ a máa dá omi dúró sára. Kí a dín in kù nínú ọbẹ̀, kí a sì rántí pé iyọ̀ pọ̀ nínú magí. Ata, àlùbọ́sà àti efinrin lè mú ọbẹ̀ dùn láìsí i.

Oògùn tí ń mú ni tọ̀ léraléra a máa sú aláìsàn; bí ara bá sì ti yá, òun a rò pé òun ti bọ́. Oògùn náà gan-an ni ó mú ara yá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a dúró láìgba àṣẹ dókítà. Kí a má sì ra oògùn ara ríro tàbí kí a fi àgbo kún un láì béèrè, nítorí òmíràn nínú wọn lè ba ìtọ́jú náà jẹ́.

Kí ẹrù yìí má bàa wọ ọmọ tí ó wà nílé nìkan lọ́rùn, kí àwọn ọmọ pín in. Kí ẹnì kan máa wọn òbí, kí èkejì máa fi owó oògùn ránṣẹ́ kí ti ọwọ́ tó tán, kí ẹ̀kẹta máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n náà. Kí wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ lọ òbí fúnra rẹ̀, nítorí àìsàn kò sọ àgbà di ọmọdé.